Níbo Ni Ooru Ti Ń Wá?

 

Ní oṣù kẹta ọdún kan, ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu, ìyá kan wọ kíláàsì wa ní ìrọ̀lẹ́. Kò ṣí ìwé rẹ̀. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ lérán. A bi í pé kí ló dé. Ó ní èhù tòmátì òun ti kú tán. Ó ti da irúgbìn sí ebè mẹ́ta lẹ́yìn ilé. Ó ń bomi rin wọ́n láàárọ̀, ó ń bomi rin wọ́n lálẹ́. Irúgbìn náà hù dáadáa. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré, gbogbo wọn dojú bolẹ̀. Ìdí wọn, níbi tó kan ilẹ̀, rọ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Owó ilé ìwé ọmọ méjì ni ìyá yìí ń retí láti inú tòmátì náà.

Bàbá àgbà kan nínú kíláàsì dá a lóhùn. Ó ní: "Oòrùn ni. Oòrùn ti súnmọ́ ayé jù lọ́dún yìí."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa zémìjàn sọ pé: "Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti ṣiṣẹ́ ní Tógò rí, lẹ́bàá òkè Àgú. Tí a bá gun òkè náà, a ti súnmọ́ oòrùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n òtútù ni à ń bá níbẹ̀. Bí sísúnmọ́ oòrùn bá ló ń mú ooru wá, kí ló dé tí orí òkè kò gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ilé ìwé girama, ní èdè Faransé. Mo há a sórí, mo sì yege. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò lè fi èdè ìyá mi ṣàlàyé rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Abéèrè kì í ṣìnà. Mo tún ìwé kà, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀. Ohun tí mo rí, tí a sì jọ dán wò nínú kíláàsì, ni mo kọ sílẹ̀ fún yín yìí.

Ẹ fi ẹsẹ̀ yín dán an wò

Ẹ dúró di ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú. Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ tẹ ojú ọ̀nà tí kò sí koríko lórí rẹ̀. Ẹ óò tètè gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ lọ tẹ orí koríko tútù. Ẹ óò lè dúró níbẹ̀. Ẹ wá lọ sábẹ́ igi máńgòrò, kí ẹ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ara yóò tù yín.

Oòrùn kan náà ló ń ràn ní abúlé náà. Wákàtí kan náà ni. Síbẹ̀ ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbóná bákan náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa.

Oòrùn jìnnà sí wa púpọ̀. Ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ó bá dé inú afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ náà kọjá, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú gíláàsì fèrèsé kọjá.

Ẹ jẹ́ kí á pín ìmọ́lẹ̀ tí oòrùn ń rán wá sí ọ̀nà 100. Nǹkan bí ọ̀nà 30 ń padà lọ sí òfuurufú, nítorí pé ìkùukùu, yìnyín àti àwọn nǹkan funfun mìíràn ń ta á padà. Nǹkan bí ọ̀nà 23 ni afẹ́fẹ́ àti ìkùukùu ń gbà sára. Nǹkan bí ọ̀nà 47 ni ilẹ̀ àti òkun ń gbà sára. Ẹ rí i pé ilẹ̀ àti omi ló gba èyí tó pọ̀ jù. Àwọn ni wọ́n ń gbóná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń mú afẹ́fẹ́ tó wà lórí wọn gbóná.

Ẹ wo ìyá tó ń yan gàrí. Iná kò fọwọ́ kan gàrí. Iná ń mú agbada gbóná, agbada sì ń mú gàrí gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ooru rí. Oòrùn ni iná. Ilẹ̀ ni agbada. Afẹ́fẹ́ ni gàrí. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé iná ti wa yìí wà lókè, kò sí nísàlẹ̀.

Báwo ni ilẹ̀ ṣe ń fún afẹ́fẹ́ ní ooru?

Ọ̀nà mẹ́rin ni.

Èkíní: afẹ́fẹ́ tó kan ilẹ̀ gbígbóná ń gbóná lára rẹ̀, bí ọwọ́ ṣe ń gbóná lára ìkòkò.

Èkejì: afẹ́fẹ́ tó bá gbóná a máa fúyẹ́. Ó ń gòkè bí èéfín ilé ìdáná. Afẹ́fẹ́ tútù ń bọ́ sí ipò rẹ̀, òun náà ń gbóná. Ẹ ti rí àṣá tó ń yí po lókè ní ọ̀sán láì ju ìyẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè ló gbé e dúró.

Ẹ̀kẹta: ilẹ̀ ń tú ooru jáde tí ojú kò rí. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ èyí dáadáa. Bí oòrùn bá wọ̀ tán, tí ẹ bá súnmọ́ àpáta ńlá, ẹ óò mọ̀ pé ooru ń ti ara rẹ̀ jáde, bí ẹ kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀kẹrin: omi tó wà nínú ilẹ̀, nínú ewé, nínú ọ̀sà àti nínú òkun ń gbẹ. Ó ń di afẹ́fẹ́ tí a kò rí, ó sì ń gbé ooru lọ sókè. Nígbà tí ó bá di ìkùukùu, ó tú ooru náà sílẹ̀ lókè.

Ẹ fẹ́ ẹ̀rí? Ní Bẹ̀nẹ̀, oòrùn máa ń wà ní gbogbo gíga rẹ̀ ní nǹkan bí agogo 1 ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ooru ń gogo jù? Nǹkan bí agogo 3 ni. Bí ó bá jẹ́ pé oòrùn fúnra rẹ̀ ló ń mú afẹ́fẹ́ gbóná tààrà, agogo 1 ni ìbá gbóná jù. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gba ooru, tí ó sì ń fún afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Agbada kì í gbóná lójú ẹsẹ̀ tí a bá dá iná.

Kí ló dé tí orí òkè fi ń tutù?

A ti ń dé ibi ìbéèrè ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà wa.

Òkè Àgú ni òkè tó ga jù ní Tógò. Ó ga tó mítà 986. Kí ni mítà 986 lójú mílíọ̀nù 150 kìlómítà? Kò tó nǹkan rárá. Ẹni tó gun orí àga láti súnmọ́ òṣùpá, ó ti ṣe kí ni?

Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé afẹ́fẹ́ orí òkè fẹ́lẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ó dà bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò lè di ooru mú. Bákan náà, afẹ́fẹ́ tó ń gòkè ń fẹ̀ sí i bó ti ń lọ, ohun tó bá sì ń fẹ̀ báyìí a máa tutù. Ẹ fọwọ́ sí ibi tí a ti ń jó afẹ́fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde tútù lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá sì ń fún afẹ́fẹ́ sí táyà, pọ́ǹpù ń gbóná lọ́wọ́ yín. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ń gbóná, èyí tí a tú sílẹ̀ ń tutù.

Bí a bá gòkè tó mítà 1000, ìwọ̀n ooru sábà máa ń fi nǹkan bíi dígírì 6 dínkù. Ẹ rántí pé omi ń di yìnyín ní dígírì 0, ó ń hó ní dígírì 100. Ara ènìyàn tó lera wà ní nǹkan bíi dígírì 37.

Òkè Kilimanjaro wà ní orílẹ̀-èdè Tanzania, nítòsí ìlà tó pín ayé sí méjì dọ́gba. Ó súnmọ́ ìlà náà ju Kétu lọ. Ẹsẹ̀ òkè náà gbóná. Ṣùgbọ́n òkè náà ga tó mítà 5895, yìnyín sì wà lórí rẹ̀ títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dínkù.

Aṣọ tí ayé fi ń bora

Ẹ tún ronú nípa ọyẹ́. Lọ́sàn-án, oòrùn ń ràn gan-an. Lóru, òtútù mú wa títí a fi ń wá aṣọ ìbora. Ṣùgbọ́n ní òru oṣù kẹrin, nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ooru kì í jẹ́ kí a sùn. Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí?

Lóru, ilẹ̀ ń tú ooru ọ̀sán jáde sí òfuurufú. Ìkùukùu àti omi tí ojú kò rí nínú afẹ́fẹ́ ń gba díẹ̀ nínú ooru yẹn, wọ́n sì ń dá a padà sí ilẹ̀. Wọ́n dà bí aṣọ ìbora. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, ìkùukùu kò sí, ooru sì ń sá lọ. A sùn láìbora nìyẹn.

Kì í ṣe omi nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Afẹ́fẹ́ kan wà tí àwọn tó ka ìwé Faransé ń pè ní gáàsì kábónìkì. Òun ló ń jáde nígbà tí a bá mí síta, tàbí tí a bá sun igi, ẹ̀sáǹsì tàbí èédú. Ní ọdún 1856, obìnrin kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Eunice Foote gbé àwọn ìgò sínú oòrùn. Ó fi afẹ́fẹ́ lásán sínú ọ̀kan, ó fi gáàsì kábónìkì sínú òmíràn. Ó rí i pé èyí tí gáàsì kábónìkì wà nínú rẹ̀ gbóná jù, ó sì pẹ́ kí ó tó tutù. Ní ọdún 1859, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Tyndall ṣe ìwádìí tirẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi hàn pé omi inú afẹ́fẹ́ àti gáàsì kábónìkì ń di ooru ilẹ̀ mú lóòótọ́.

Aṣọ ìbora yìí dára. Bí kò bá sí i, ìwọ̀n ooru ayé lápapọ̀ ìbá jẹ́ nǹkan bíi dígírì 18 nísàlẹ̀ òdo. Gbogbo omi ìbá dì. Ẹ wo òṣùpá. Jíjìnnà rẹ̀ sí oòrùn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n kò ní afẹ́fẹ́ tí yóò fi bora. Lọ́sàn-án ibẹ̀ máa ń gbóná tó nǹkan bíi dígírì 120. Lóru ó ń tutù tó 130 nísàlẹ̀ òdo. Kò sí iṣu tó lè ta níbẹ̀.

Kí ló dé tí ooru kò dọ́gba níbi gbogbo láyé?

1. Bí oòrùn ṣe ń wo ilẹ̀. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lóru. Ẹ tan án sí ilẹ̀ ní ọ̀gbọọrọ láti òkè. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré ní fífẹ̀, ó sì mọ́lẹ̀ gan-an. Ẹ wá dẹ tọ́ọ̀ṣì náà sí ẹ̀gbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe bàìbàì. Tọ́ọ̀ṣì kan náà ni. Ní ọ̀dọ̀ wa, oòrùn ń wo ilẹ̀ láti òkè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ó máa ń dúró gan-an ní àtàrí ẹni ní Àjàṣẹ́ àti Kétu. Òpó tí a gbé nàró kò ní òjìji ní ọ̀sán ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òkè àríwá ayé àti ní ìsàlẹ̀ gúúsù ayé, ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ti ń wo ilẹ̀. Ooru rẹ̀ fọ́n ká. Ní Vostok, ní ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé, wọ́n wọn òtútù tó tó dígírì 89 nísàlẹ̀ òdo ní oṣù keje ọdún 1983.

2. Bí ayé ṣe dẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ayé ń yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ṣùgbọ́n kò dúró ṣánṣán. Ó dẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ní oṣù kẹfà, apá òkè ayé kọjú sí oòrùn. Ní oṣù kejìlá, ó kọ̀yìn sí i. Ní Paris, ojúmọ́ ń gùn tó wákàtí 16 ní oṣù kẹfà. Ní oṣù kejìlá, kò ju nǹkan bíi wákàtí 8 lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ Faransé fi ń wọ aṣọ nípọn ní oṣù kìíní. Ní tiwa, ojúmọ́ kì í yà kúrò ní nǹkan bíi wákàtí 12. Bàbá àgbà wa ní kíláàsì yóò gbọ́ èyí: oṣù kìíní gan-an ni ayé ń súnmọ́ oòrùn jù lọ́dún, ìgbà náà sì ni òtútù ń mú ní Paris. Kì í ṣe sísúnmọ́ oòrùn ló ń mú ìgbà ooru wá.

3. Omi àti ilẹ̀. Ẹ bu omi sínú abọ́ kan, ẹ bu iyanrìn gbígbẹ sínú èkejì, kí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Ẹ gbé méjèèjì sínú oòrùn fún wákàtí kan. Iyanrìn yóò gbóná ju omi lọ. Ooru tó lè mú omi gbóná ní dígírì kan lè mú iyanrìn tó wúwo bíi rẹ̀ gbóná ní dígírì 4 tàbí 5. Òkun kì í tètè gbóná, kì í sì tètè tutù. Ní Kùtọnu, ìyàtọ̀ àárín oṣù kẹta tó ń gbóná jù àti oṣù kẹjọ tó ń tutù jù kò ju nǹkan bíi dígírì 3 lọ. Malanville jìnnà sí òkun. Ní oṣù kẹrin, ọ̀sán ibẹ̀ máa ń tó dígírì 40, nígbà tí òru ọyẹ́ ibẹ̀ ń bọ́ sísàlẹ̀ 20.

4. Ìkùukùu àti ilẹ̀ tútù. Ẹnì kan bi mí pé: "Bí oòrùn bá tún dé àtàrí wa ní oṣù kẹsàn-án, kí ló dé tí ooru ìgbà náà kò tó ti oṣù kẹta?" Ìbéèrè rere ni. Ní oṣù keje títí dé oṣù kẹsàn-án, omi tútù ń jáde láti ìsàlẹ̀ òkun etí ilẹ̀ wa, atẹ́gùn òkun sì ń gbé ìkùukùu wá. Ìkùukùu yẹn ṣíji bo ilẹ̀. Ilẹ̀ pẹ̀lú ti mu omi òjò. Ẹ mọ bí àmù ṣe ń mú omi tutù: omi ń sun jáde lára amọ̀, ó ń gbẹ, ó sì ń gbé ooru lọ. Ilẹ̀ tútù àti ewé tútù ń ṣe bíi àmù. Ní oṣù kẹta, ilẹ̀ ti gbẹ. Àmù ti ṣófo.

5. Àwọ̀ ilẹ̀ àti ohun tó bò ó. Ohun dúdú ń gba ìmọ́lẹ̀ sára, ohun funfun ń ta á padà. Ilẹ̀ tí a sun, tó dúdú, tí kò ní ewé, ló ń gbóná jù. Ní ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ilẹ̀ ìhòòhò lè gbóná ju dígírì 50 lọ.

Ohun tó pa èhù tòmátì ìyá wa

Nígbà tí a dé ibi yìí, ìyá náà gbé orí sókè. Ó ní: "Mo sun koríko lórí ebè yẹn kí n tó da irúgbìn. Ilẹ̀ náà dúdú. N kò sì fi nǹkan kan bò ó."

Ó ti rí ìdáhùn fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú náà ti gbóná jù, ó sì se èhù náà ní ìdí, níbi tó ti jáde láti inú ilẹ̀. Omi àárọ̀ àti omi alẹ́ kò lè gbà á sílẹ̀ ní agogo 3 ọ̀sán. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀.

Ayé ń gbóná sí i

Àwọn àgbà ń sọ pé ooru ti pọ̀ ju ti ìgbà èwe wọn lọ. Òótọ́ ni. Aṣọ ìbora ayé ń nípọn sí i. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀, gáàsì kábónìkì jẹ́ nǹkan bí ọ̀nà 280 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Ní ọdún 2024, ó ti ju 420 lọ. Èédú, epo àti gáàsì tí a ń sun ní ilé iṣẹ́ àti nínú ọkọ̀ ló fa èyí tó pọ̀ jù, pàápàá ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀. Igbó tí a ń gé tí a ń sun fi tirẹ̀ kún un. Ọdún 2024 ni ó gbóná jù nínú gbogbo ọdún tí a ti wọn. Ó fi nǹkan bíi dígírì 1 àbọ̀ ju ti àárín ọdún 1850 sí 1900 lọ.

Kì í ṣe àgbẹ̀ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ló dá ẹrù yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orí wa ni ooru rẹ̀ ń bọ́ sí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á ṣe èyí tí ọwọ́ wa tó.

Kí ni kí á ṣe ní oko?

- Ẹ má sun koríko àti pòròpórò àgbàdo. Ẹ tẹ́ wọn sí orí ilẹ̀. Wọ́n ń ṣíji bo ilẹ̀, wọ́n ń dá omi dúró, wọ́n sì ń jẹrà di ọ̀rá ilẹ̀.
- Ẹ dá igi sí nínú oko. Abẹ́ igi kì í gbóná bí ìta.
- Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lórí ebè èhù. Kí ẹ tó tú èhù lọ sí oko, ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀, kí oòrùn lè mọ́ ọn lára.
- Ẹ bomi rin ohun ọ̀gbìn ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Omi ọ̀sán ń tètè gbẹ.
- Ẹ má jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ kan ṣoṣo tàn yín. Ooru púpọ̀ àti ọ̀dá ní ìgbà tí àgbàdo ń yọ òdòdó kì í jẹ́ kí ó gbọ́mọ dáadáa.

Kí ni kí á ṣe fún ara wa?

Ooru tó ń pa èhù lè pa ènìyàn pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ọwọ́, aboyún, arúgbó àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn ni ó ń tètè mú.

- Ẹ ṣiṣẹ́ oko ní kùtùkùtù. Ẹ sinmi lábẹ́ igi láti agogo 12 títí di agogo 4.
- Ẹ mu omi tó mọ́ léraléra. Ẹ má dúró di ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín.
- Ẹ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní ọmú lemọ́lemọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá. Kò nílò omi. Omi wà nínú ọmú.
- Ẹ má tẹ́ ọmọ tàbí arúgbó sínú yàrá onípáànù tí a tì pa ní ọ̀sán. Páànù ń gba ooru, ó sì ń dà á lé wọn lórí. Ẹ ṣí fèrèsé, tàbí kí ẹ gbé wọn sí abẹ́ igi.

Bí ara ẹnì kan bá gbóná gan-an nínú ooru, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, tí ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ tàbí tí ó dákú, ewu ńlá ni. Ẹ gbé e sí ibi òjìji kíákíá. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀. Ẹ fi omi rẹ gbogbo ara rẹ̀, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Bí kò bá mọ ibi tí ó wà, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu, kí ó má baà fún un lọ́nà ọ̀fun. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìfi àkókò ṣòfò. Ẹ má sì sọ pé ooru lásán ni bí ara ọmọ bá gbóná. Ó lè jẹ́ ibà. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ọ̀rọ̀ ìyá náà ṣe parí

Ìyá náà tún irúgbìn rà. Kò sun ilẹ̀ mọ́. Ó ṣe àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ, ó sì tẹ́ koríko gbígbẹ sí àárín èhù. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yè, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù yè. Ó pẹ́ kí ó tó kórè, owó ọjà sì ti wálẹ̀. Ó rí owó ilé ìwé ọmọ kan san. Ti ọmọ kejì, ó gba owó èésú láti fi kún un. Àwọn ọmọ méjèèjì kò kúrò ní ilé ìwé.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, mo gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kọjá ní oṣù kẹta. Mo ka àtíbàbà mẹ́rin níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Mẹ́ta yòókù jẹ́ ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bàbá àgbà kíláàsì wa wà níbẹ̀, ó ń bá wọn so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ òpó. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Olùkọ́, ilẹ̀ ni agbada. Mo ti ń bo agbada."

Ìbéèrè tí a lè jọ sọ̀rọ̀ lé lórí

1. Kí ló ń mú afẹ́fẹ́ gbóná: ṣé oòrùn tààrà ni, tàbí ilẹ̀? Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?
2. Kí ló dé tí òru ọyẹ́ fi ń tutù ju òru oṣù kẹrin lọ?
3. Ẹ dán abọ́ omi àti abọ́ iyanrìn wò. Kí ni ẹ rí?
4. Ní abúlé yín, ilẹ̀ wo ló wà ní ìhòòhò lẹ́yìn ìkórè? Kí ni ẹ lè fi bò ó?
5. Ta ni ooru lè tètè mú nínú ilé yín? Kí ni ẹ óò ṣe fún un ní oṣù kẹta tó ń bọ̀?